ÌLETÒ TÍ Ó SÉ ARA RẸ̀ MỌ́
Ọ̀rọ̀ Lórí Ìbẹ̀wò sí Eyam ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì



Àwọn baba wa ní, arìnjìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba kan náà ni wọ́n tún wí pé, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó bá ń múra ìrìn-àjò ní láti di ọ̀rọ̀ méjèèjì mú, kí ó má baà rìn jìnnà tán kí ó sì padà wálé láì rí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kò mọ̀ ju Lọ́ńdọ̀nù lọ. Wọ́n rí afárá, wọ́n rí ààfin, wọ́n rí ọjà ńlá, wọ́n sì wí pé àwọn ti rí Ìlú Òyìnbó. Àwa kò kẹ́gàn Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìwà ìdílé kan kì í dúró sí ìloro. Yóò wọ inú àgbàlá. Àgbàlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ìletò rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìletò wọ̀nyí ni a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Eyam ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe nítorí pé ó tóbi ni a fi yàn án, nítorí kò tóbi. Kì í sì í ṣe nítorí ẹwà rẹ̀ nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lẹ́wà. A yàn án nítorí pé ní ọdún 1666 àwọn ará ibẹ̀ pa ààlà yí ara wọn ká, wọ́n sì jókòó sínú ààlà náà pẹ̀lú ikú, kí ikú má baà ti ọ̀dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wọn. A ó kọ́kọ́ sọ ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí a ó sọ ìtàn náà. A ó mú yín yí ká àwọn ibi tí àlejò ń bẹ̀ wò. A ó sọ nípa àgọ́ pípa àti àwọn ibi àtijọ́ tí ó wà nítòsí. Ní ìkẹyìn a ó béèrè bóyá ohun tí àwọn ènìyàn náà ṣe tọ́.

I. Ọ̀NÀ TÍ Ó LỌ SÍBẸ̀

Eyam wà ní ìhà àríwá Derbyshire, láàrin àwọn òkè tí ó ya ìlú ńlá Sheffield nípa kúrò lára Manchester. Àwọn ará ibẹ̀ kì í pe orúkọ rẹ̀ bí a ti kọ ọ́. “Íìmù” ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá ti Sheffield wá yóò wọ ọkọ̀ ojú irin tí ń lọ sí Manchester. Kò ní pẹ́ tí ọkọ̀ náà yóò fi wọ inú ihò Totley, èyí tí a gbẹ́ la abẹ́ òkè já, tí a sì parí ní 1893. Ihò náà gùn ju máìlì 3 lọ. Nínú òkùnkùn ni èrò yóò wà títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi là lójijì, tí yóò sì bá ara rẹ̀ ní Grindleford, níbi tí kò sí ilé iṣẹ́ tàbí èéfín mọ́, bí kò ṣe igbó, odò àti òkè.

Láti ibẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Eyam ní nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀, ṣùgbọ́n òkè ni ọ̀nà náà ń gùn. Ní ọ̀tún àti ní òsì ni ògiri òkúta wà, tí a tò lé ara wọn láìfi amọ̀ pọ̀, tí wọ́n sì ti dúró bẹ́ẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá. Àgùntàn ni ó kún inú pápá. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ kan náà ni àwọn ará àtijọ́ ti ń wa òjé, nítorí ìwakùsà òjé àti oko ni iṣẹ́ tí ó bọ́ ìletò yìí fún ìgbà pípẹ́. Ìjọba ya gbogbo agbègbè òkè náà sọ́tọ̀ ní 1951, kí a má baà bà á jẹ́, kí gbogbo ènìyàn sì lè máa rìn nínú rẹ̀. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Peak District ni wọ́n ń pè é.

Ìletò náà fúnra rẹ̀ kò ju òpópónà gígùn kan lọ, pẹ̀lú àwọn ọ̀nà kéékèèké tí ó yà kúrò lára rẹ̀. Òkúta ni a fi kọ́ àwọn ilé rẹ̀. Òdòdó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ilé ìjọsìn wà láàrin. Ẹni tí kò gbọ́ ìtàn yóò gba ibẹ̀ kọjá, yóò wí pé, “Ibí yìí tutù, ó tòrò,” yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ojú àlejò nìyẹn.

II. ÌDÌ AṢỌ LÁTI LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ní ọdún 1665 àjàkálẹ̀ àrùn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àkọsílẹ̀ òkú ìlú náà fún ọdún yẹn ka 68,596 ènìyàn tí àrùn náà pa, a sì gbà pé iye tí ó kú ní tòótọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kókó a máa yọ sí abẹ́ apá tàbí ojú itan aláìsàn, ibà gbígbóná a sì gbé e dè. Púpọ̀ nínú wọn kì í lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Lónìí a mọ ohun tí ń fà á. Kòkòrò àìfojúrí kan ni, tí oníṣègùn Alexandre Yersin rí ní Hong Kong ní 1894. Ara eku ni ó ń gbé, kòkòrò tín-ín-tín tí ń fò, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ eku, a sì gbé e lọ sí ara ènìyàn. Èkó pẹ̀lú mọ àrùn yìí, nítorí ó wọ ìlú náà ní 1924, ó sì ń padà wá fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ní 1665 kò sí ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ búburú ni. Àwọn mìíràn ní ìbínú Ọlọ́run ni.

Eyam jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù tó bí máìlì 150. Ta ni yóò rò pé àrùn náà yóò dé ibẹ̀? Ṣùgbọ́n aránṣọ kan wà ní ìletò náà, Alexander Hadfield ni orúkọ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti sọ, ní ìparí oṣù August ọdún náà ni ìdì aṣọ kan ti Lọ́ńdọ̀nù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, George Viccars, tú ìdì náà. Ó rí i pé aṣọ náà ní ọ̀rinrin, ó sì sá a síwájú iná kí ó lè gbẹ. Ooru iná náà jí àwọn kòkòrò tí ó wà nínú aṣọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù September, George Viccars di òkú. Kò pẹ́ tí Edward Cooper, ọmọ kékeré inú ilé kan náà, fi tẹ̀lé e, lẹ́yìn rẹ̀ Jonathan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ará ilé kejì àti ilé kẹta.

Kí ọdún 1665 tó parí, àwọn òkú ti lé ní 40. Nígbà òtútù, ọwọ́ àrùn náà rọ̀ díẹ̀, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí fún ara wọn pé ó ti ń lọ. Kò lọ. Nígbà tí ooru ọdún 1666 dé, ó tún gbéra sọ, ó sì le ju ti ìṣáájú lọ.

III. ÀÀLÀ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín kí a wo irú àwọn ènìyàn tí wọ́n wà ní ìletò náà, nítorí kì í ṣe ẹni mímọ́ ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì fi ọkàn kan wà. Àlùfáà méjì ni wọ́n ní. Thomas Stanley ni èkínní. A ti yọ ọ́ kúrò ní ipò ní 1662 nítorí pé ó kọ̀ láti tẹ́wọ́ gba òfin ìjọsìn tí ìjọba ṣe ní ọdún náà. Àwọn ará ìletò fẹ́ràn rẹ̀. William Mompesson ni èkejì. Ó dé ní 1664, kò tíì pé ẹni 30 ọdún, ìjọba ni ó sì dúró fún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ìjà ìjọ ti ń rí, ẹ mọ̀ pé irú àwọn ọkùnrin méjì bẹ́ẹ̀ kì í bá ara wọn jẹun.

Síbẹ̀ ní oṣù June 1666 àwọn méjèèjì fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, wọ́n sì dúró papọ̀ níwájú àwọn ènìyàn. Ohun mẹ́ta ni wọ́n gbé kalẹ̀. Èkínní, a kò ní sin òkú sí itẹ́ ilé ìjọsìn mọ́, a kò sì ní ṣe ìsìnkú; ìdílé kọ̀ọ̀kan ni yóò sin òkú tirẹ̀ sí ọgbà tàbí sí pápá tirẹ̀. Èkejì, a ó ti ilé ìjọsìn pa. Ìta gbangba ni a ó ti máa jọ́sìn, ní àfonífojì kan tí a ń pè ní Cucklett Delf, níbi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò ti dúró jìnnà sí èkejì. Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù: ẹnikẹ́ni kò ní jáde kúrò nínú ààlà ìletò, ẹnikẹ́ni kò sì ní wọlé, títí àrùn náà yóò fi tán.

Ẹ kíyèsí ohun àkọ́kọ́ náà. Lójú tiwa, tí àwọn baba ńlá wa ń sin òkú wọn sínú ilé àti sí ẹ̀yìnkùlé, ó lè dà bí ohun tí kò nira. Lójú àwọn ará Eyam, ohun ẹ̀rù ni. Ẹni tí a kò sin sí ilẹ̀ ìjọ, tí àlùfáà kò ka ọ̀rọ̀ sí i lórí, ó dà bí ẹni tí a gbé sọnù. Wọ́n gba ìyẹn pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a sé mọ́ gbọ́dọ̀ jẹun. Earl ti Devonshire, ìjòyè ńlá tí ilé rẹ̀ wà ní Chatsworth nítòsí, gbà láti máa fi oúnjẹ àti oògùn ránṣẹ́. Àwọn aládùúgbò pẹ̀lú a máa gbé ẹrù wá sí ẹnu ààlà, wọn a gbé e kalẹ̀, wọn a sì padà. Ní ọ̀nà tí ó lọ sí Stoney Middleton ni òkúta kan wà tí a dá ihò sí lára. Àwọn ará Eyam a da ọtí kíkan sínú ihò náà, wọn a fi owó sínú ọtí náà, kí ó lè fọ àrùn kúrò lára owó. Òmíràn ni kànga kan tí ó wà lókè ìletò, tí a ń pè ní Kànga Mompesson títí di òní. Omi rẹ̀ ni ó ń ṣan owó. Bí oníṣòwò bá dé, yóò mú owó, yóò gbé oúnjẹ sílẹ̀, kò sì ní rí ojú ẹni tí ó rà á.

Oṣù August 1666 ni ó burú jù. Ju 70 ènìyàn lọ ni wọ́n kú ní oṣù kan ṣoṣo. Ní oko Riley, ní ìta ìletò, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Elizabeth Hancock. Láàrin ọjọ́ 8, láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 10 oṣù náà, ó sin ọkọ rẹ̀ àti ọmọ 6. Kò sí ẹni tí yóò bá a gbẹ́lẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù ilé rẹ̀. Ìtàn sọ pé ó so aṣọ mọ́ ẹsẹ̀ òkú kọ̀ọ̀kan, ó sì wọ́ wọn lọ sí ibojì tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́. Àdúrà wa ní ilẹ̀ Yorùbá ni pé kí ọmọ ó sin wá. Obìnrin yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin mẹ́fà nínú àwọn ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì kú.

Ọkùnrin kan tún wà, Marshall Howe, tí àrùn náà ti mú rí tí ó sì là á já. Ó rò pé kò lè tún mú òun mọ́, nítorí náà ó di ẹni tí ń sin òkú àwọn tí kò ní ènìyàn, ẹrù olóògbé ni ó sì fi ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀. A mọ irú èyí ní ilẹ̀ wa nígbà ayé ṣọ̀pọ̀nná, nígbà tí àwọn àwòrò a máa kó ẹrù ẹni tí ó bá kú. Ṣùgbọ́n àrùn náà wọ ilé Howe pẹ̀lú. Ó pa aya rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀.

Ilé àlùfáà kò yọ sílẹ̀. Catherine, aya Mompesson, tí ó kọ̀ láti fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì ń bá a bẹ àwọn aláìsàn wò, kú ní ọjọ́ 25 oṣù August. Ní ọjọ́ 1 oṣù November ni ẹni ìkẹyìn kú. Nínú lẹ́tà tí Mompesson kọ ní ọjọ́ 20 oṣù náà, ó ka ìdílé 76 tí àrùn náà wọ ilé wọn, àti ènìyàn 259 tí ó kú. Lẹ́yìn èyí ni a sun aṣọ àti ohun ìbora àwọn aláìsàn níná, a sì tú ààlà náà ká.

IV. OHUN TÍ ÀLEJÒ YÓÒ RÍ

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn yìí kó tó dé ibẹ̀ kò ní ríran bí àlejò mọ́. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìletò náà, tí a ṣí ní 1994, kí ó lè mọ bí ìtàn náà ti tẹ̀lé ara wọn. Lẹ́yìn náà kí ó lọ sí àwọn ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn, níbi tí George Viccars ti tú ìdì aṣọ. A kọ orúkọ àwọn tí ó kú nínú ilé kọ̀ọ̀kan sí ara pátákó níwájú rẹ̀. Ẹ rántí pé ènìyàn ń gbé inú àwọn ilé wọ̀nyí lónìí. Ìta ni a ti ń kà á, a kì í yọjú wo fèrèsé wọn.

Nínú ọgbà ilé ìjọsìn Lawrence Mímọ́ ni àgbélébùú òkúta kan dúró sí, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju 1,100 ọdún lọ. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí àjàkálẹ̀ àrùn tó dé. Nítòsí rẹ̀ ni ibojì Catherine Mompesson. Lára ògiri ilé ìjọsìn náà ni a gbẹ́ aago òòrùn kan sí ní 1775. Nínú ilé náà ni a tọ́jú àga kan tí a ń pè ní ti Mompesson, àti àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn òkú.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan já pápá kọjá lọ sí òkúta ààlà. Nígbà tí àwa dé ibẹ̀, a fi ìka kan àwọn ihò náà. Ojo ti kún inú wọn. Òkúta náà kò ga, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, àgùntàn sì ń jẹko yí i ká. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò rí àwọn ilé Stoney Middleton nísàlẹ̀ òkè. Bí ó ti súnmọ́ tó ni ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Kì í ṣe odi gíga ni ó dá àwọn ará Eyam dúró. Pápá gbalasa ni, ẹsẹ̀ díẹ̀ ni kí wọn ó gbé kí wọn ó sì sá lọ.

Ní ìhà kejì ìletò, ní bí ìdajì máìlì, ni ibojì àwọn Hancock. Ògiri òkúta róbótó ni ó yí wọn ká láàrin pápá, òkúta 6 fún àwọn ọmọ, àti ibojì baba wọn. Kò sí olùṣọ́, kò sí owó ẹnubodè. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ń fẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá lè yan ìgbà tí yóò lọ, kí ó lọ ní ìparí oṣù August. Àwọn ará ìletò a máa ṣe kànga wọn lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà náà: wọn a tẹ ewé òdòdó àti èso mọ́ amọ̀ tútù lórí pátákó, títí yóò fi di àwòrán tí ó ń tàn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn oṣù náà, wọn a péjọ ní Cucklett Delf láti rántí àwọn òkú wọn.

V. ÀGỌ́ PÍPA ÀTI ÀWỌN IBI ÀTIJỌ́ TÍ Ó WÀ NÍTÒSÍ

Ọjọ́ kan kò tó fún ilẹ̀ yìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó sí ilé àlejò lè pàgọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tọkọtaya àti tọmọtọmọ. Pápá àgọ́ kan wà ní North Lees, lókè Hathersage, lábẹ́ àpáta gígùn Stanage, tí ó jẹ́ ti àwọn aláṣẹ Peak District fúnra wọn. Òmíràn tún wà lórí ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé ibi tí ó bá wu ni ni a lè pàgọ́ sí nítorí pé koríko ni a rí níbẹ̀. Ilẹ̀ náà ní olówó, a sì gbọ́dọ̀ gba àyè. Kí a ti gbogbo ẹnubodè pápá bí a bá ti bá a, kí a má dáná sórí òkè, nítorí ilẹ̀ dúdú orí àwọn òkè náà a máa jó nísàlẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Kí a sì kó ìdọ̀tí wa padà. Kí ẹni tí ó ti ilẹ̀ olóoru lọ mú aṣọ òtútù lọ́wọ́, àní nínú oṣù July. Òjò ibẹ̀ kì í ké gbàjarè kó tó dé.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí a ń gbà káàkiri òkè wọ̀nyí pẹ̀lú kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní àtijọ́, àwọn ọlọ́lá ti òkè pa fún ọdẹ ẹyẹ wọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù April 1932 ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn òṣìṣẹ́ gun òkè Kinder Scout láìgba àyè. 5 nínú wọn ni a jù sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn tí ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà kò dákẹ́, títí òfin 1949 fi ṣí ọ̀nà fún irú àgbègbè ìpamọ́ tí a sọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ń rìn níbẹ̀ lónìí, ẹsẹ̀ àwọn wọ̀nyẹn ni ó la ọ̀nà fún un.

Láti àgọ́ rẹ̀, àlejò lè lọ sí Chatsworth. Ilé tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí kì í ṣe èyí tí Earl náà ti fi oúnjẹ ránṣẹ́. Ní 1687 ni ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́, òun sì ni ó di Duke ti Devonshire àkọ́kọ́ ní 1694. Ó lè lọ sí Castleton, kí ó gun òkè lọ wo àwókù ilé olódi Peveril, tí àwọn Norman kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066. Ó lè lọ sí Haddon Hall lẹ́bàá Bakewell, ilé ńlá àtijọ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà bí àwọn baba ńlá ti fi í sílẹ̀. Gbogbo wọn dára. Ṣùgbọ́n ìrántí àwọn alágbára ni wọ́n. Ìrántí àwọn aránṣọ, awakùsà àti àgbẹ̀ ni Eyam, irú rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ gbogbo.

VI. ṢÉ OHUN TÍ WỌ́N ṢE TỌ́?

A dé ibi tí ó jẹ́ ẹrù jù fún wa. Ó rọrùn láti yin òkú tí a kò mọ̀; kò ná wa ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn amòye ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí a gbọ́ tiwọn. Patrick Wallis, akọ̀tàn kan, fi hàn ní 2006 pé ohun tí a kọ nígbà náà gan-an kéré, àti pé àwọn akéwì àti àwọn òǹkọ̀wé ìgbà ẹ̀yìn ni ó ṣe ìtàn náà lọ́ṣọ̀ọ́. Ìwé tí William Wood, ọmọ Eyam, tẹ̀ jáde ní 1842 ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń gbọ́ ti wá. A gba èyí. Ìdí nìyí tí a fi ń wí pé “ìtàn sọ” ní ibi tí ó yẹ.

A tún gbọ́dọ̀ wí pé ẹrù náà kò dọ́gba lórí gbogbo ènìyàn. Àwọn ọlọ́rọ̀ kan ti kó jáde kí ààlà tó dé. Mompesson fúnra rẹ̀ ti rán àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò ní ìletò. Èwo nínú wa tí ó jẹ́ òbí ni yóò sọ òkúta lù ú? Ṣùgbọ́n Elizabeth Hancock kò ní ibì kan tí yóò rán àwọn tirẹ̀ lọ. Ní gbogbo àjàkálẹ̀ àrùn, bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń rí: òfin kan náà ni a ṣe fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ni ó máa ń san gbèsè rẹ̀ jù. Àwọn kan tilẹ̀ wí pé bí wọ́n bá ti fọ́n ká, àwọn tí ì bá kú nínú wọn ì bá kéré.

Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọ́n ká yóò wọ ilé ẹlòmíràn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kì í jẹ́ kí a sùn lóru. Àwọn ará Eyam mọ̀ pé hẹ̀rẹ̀huru náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé àwọn, wọn kò sì gbà kí ó dé ilé kejì. Wọn kò mọ̀ nípa kòkòrò, wọn kò mọ̀ nípa eku. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ni pé ẹni tí ó súnmọ́ aláìsàn a máa kú. Ìmọ̀ díẹ̀ náà ni wọ́n lò fún ire ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àrùn náà kò sì gba ọ̀dọ̀ wọn tàn ká àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Bí a bá bọ́ gbogbo ọ̀ṣọ́ kúrò lára ìtàn náà, èyí ṣì kù, ó sì tó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ohun àtijọ́ nìkan ni, tàbí ohun Òyìnbó nìkan. Ní oṣù July 2014 arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dá a dúró ní ilé ìwòsàn, wọn kò jẹ́ kí ó jáde, bí a tilẹ̀ ń fi agbára lé wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 sì kú, Dókítà Adadevoh pẹ̀lú wà nínú wọn. Ọjọ́ 19 oṣù August ni ó kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù October ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti tán ní ilẹ̀ wa. Ẹ ro bí Èkó ti kún tó, kí ẹ sì ro ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo náà bá ṣí. Òkúta ààlà ni obìnrin náà jẹ́ fún gbogbo wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń lọ sí Ìlú Òyìnbó fún ẹ̀kọ́ tàbí fún iṣẹ́, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ti ń gbé ní Sheffield àti Manchester, tí Eyam kò jìnnà sí yín, ẹ wá ọjọ́ kan kí ẹ lọ. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ́wọ́. Ẹ má ṣe sáré. Ẹ ka orúkọ tí ó wà lára àwọn ilé náà sókè, kí àwọn ọmọ gbọ́ pé ẹni tí a dárúkọ ni òkú, kì í ṣe iye lásán. Nígbà tí ẹ bá sì dé ibi òkúta náà, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ó wà ní inú ààlà, tí ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ níwájú yín. Ẹ má ṣe yára dáhùn.